Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ háyà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ fún àádọ́rin ọdún màmá mi

Ọmọ Ẹ̀bùté (Croydon), ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi máa pé àádọ́rin ọdún ní oṣù kẹjọ, Sátidé tó bá tẹ̀lé e la fẹ́ fi ṣe ìnáwó. Àwa ọmọ mẹ́rin bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. A ti ń ronú gbọ̀ngán, a ti ń ronú Dubai. Wọ́n ní rárá, ọkọ̀ ojú irin eléèédú lawọ́n fẹ́ wọ̀. Fítà, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ni bàbá wọn ní Lókó, yáàdì ẹ́ńjìnnì rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ní fèrè ọkọ̀ làwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Mo wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí iléeṣẹ́ kan tó ń fi kóòṣì àti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ háyà. Mo kọ̀wé sí wọn: kóòṣì méjì, ẹ́ńjìnnì kan, ọjọ́ kan, èèyàn ọgọ́ta. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ṣé vacuum ni bíréèkì wa ni àbí afẹ́fẹ́? Ìwúwo mélòó ni ojú irin wa lè gbé? Ta ni yóò wa ọkọ̀? Níbo ni kí trélà já ẹ́ńjìnnì sí? Bíréèkì kan ṣoṣo tí mo ní, ti Toyota ni.

Kí ni mo ṣì ṣe? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́.

Tóyìn Aberdeen, ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́

Kí lẹ ń wá iléeṣẹ́ kiri fún? Jacobite ńbẹ ní Scotland níbí, Fort William sí Mallaig. Ẹ́ńjìnnì eléèédú gidi, ó ń gba orí afárá Glenfinnan tó ní ojú 21. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́ta, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Leicester, ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Kò parí o, Tóyìn. Láti Croydon dé Fort William, ọjọ́ kan gbáko ni, màmá yóò ti rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ fèrè. Ọkọ̀ gbogbo ayé sì ni Jacobite, ẹ ò lè dá gángan sílẹ̀ níwájú àlejò tó wá wòran òkè. Orí ojú irin kan náà tí ọkọ̀ ojoojúmọ́ ń gbà ló ń rìn, òfin ibẹ̀ sì le. Kóòṣì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Mark 1 ló ń fà, ní 2023 ilẹ̀kùn wọn jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ gbá pa. Àwọn aláṣẹ ORR, tó ń ṣọ́ ààbò ojú irin, ní kò tó, àfi kí gáàdì lè ti gbogbo ẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé ẹjọ́, ọkọ̀ náà sì dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 kí wọ́n tó fún un láyè fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹrin.

Ọmọ Ẹ̀bùté, ẹ ò ṣi nǹkan kan ṣe, ẹnu ọ̀nà ọlọ́nà lẹ kàn. Irú iléeṣẹ́ yẹn kì í tajà fún ọlọ́jọ́ìbí. Àwọn ojú irin àtijọ́ tí wọ́n dá sí fún ìgbafẹ́ ni oníbàárà wọn, pẹ̀lú àwọn tó ń ya fíìmù. Tí ẹ́ńjìnnì ibì kan bá wọ yáàdì fún àtúnṣe, wọ́n á lọ háyà ẹlòmíràn, trélà á gbé e wá lórí títì. Irin lásán ni wọ́n ń fún èèyàn: kò sí ojú irin níbẹ̀, kò sí awakọ̀, kò sí ínṣọ́ránsì fún èrò. Ó dà bí ẹni háyà ìkòkò láìní ààrò.

Ẹ wá ojú irin tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó máa kó awakọ̀, fáyàmáànù àti gáàdì mọ́ ọn fún yín. Private charter ni wọ́n ń kọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Láti Croydon, Bluebell Railway ni n bá kọ́kọ́ pè: Sheffield Park sí East Grinstead, máìlì 11. Àwọn àlejò yín lè wọ ọkọ̀ ojú irin ojoojúmọ́ wá sí East Grinstead, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa rìn dé pèpéle àwọn Bluebell. Àwọn tó bá wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Great Central, Loughborough sí Leicester. Àwọn ará Birmingham ní Severn Valley, Kidderminster sí Bridgnorth, máìlì 16.

Tóyìn Aberdeen, ọjọ́ Àìkú, 10:11 alẹ́

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n Glenfinnan dùn ún wò o.

Bàbá Lókó (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, omijé bọ́ lójú mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè kí n tó fẹ̀yìntì. Ìwọ Tóyìn tó o dárúkọ Mallaig, ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin yẹn. Ọdún 1901 yẹn kan náà ni ojú irin tó gbéra láti Ìddó wọ Ìbàdàn. Àwọn tó kọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ ní 1896, inú igbó, ẹ̀fọn, ibà.

Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè, ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò lè rìn lórí èyíkéyìí nínú àwọn ojú irin tí Ẹ̀gbọ́n dárúkọ yìí. Tiwa àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà ló fi jìnnà síra. Ti ọ̀dọ̀ wọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láti Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, òun ló bá ti ọ̀dọ̀ yín dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ èyí fún màmá: àwọn ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní River, tó dé sí wa lẹ́yìn ogun Hitler, ìlú Newton-le-Willows ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú wọn, ní Vulcan Foundry. Tí bàbá wọn bá jẹ́ fítà ní Lókó láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á ti kàn wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rántí.

Ìyá Ìbejì Kent, ọjọ́ Ajé, 8:22 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀mí yín á gùn.

Mo ti ṣe é rí! Àádọ́ta ọdún ọkọ mi, ọdún kejì rèé. N ò ní í dárúkọ ojú irin tí a lò torí ibi tó dùn dùn, ibi tó kan kan. Ohun tí mo fojú rí nìyí.

Kóòṣì tó ní tábìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní TSO, ìjókòó 64 ló wà nínú ẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin tó kọjú síra. Ọgọ́ta nínú 64, ó dáa lórí ìwé. Kó tó dé inú ọkọ̀! Ọkùnrin mẹ́rin tó wọ agbádá ò lè jókòó sí tábìlì kan. A dán an wò. Kálukú ká apá agbádá rẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ojú ọ̀nà àárín ò fẹ̀, tí olóúnjẹ bá ń bọ̀, ẹni tó ń lọ ilé ìtura ní láti padà sẹ́yìn. Ẹ gba kóòṣì méjì, tàbí kí ẹ bèèrè First Class tó jẹ́ gbangba: ìjókòó méjì lápá kan, ẹyọ kan lápá kejì, 42 péré. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó àwọn àgbà sí.

Ẹ má gba èyí tó ní yàrá kéékèèké o. Ó rẹwà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ìdílé á kàn pín sí yàrá yàrá, ẹgbẹ́ á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí á máa wá àwọn àlejò rẹ̀ kiri.

Aṣọ ẹbí: léèsì funfun la mú. Ẹ má dán an wò. Fèrèsé wa ṣí nígbà tí a wọ tọ́nẹ́ẹ̀lì, èérún èédú kan bà lé èjìká Àǹtí ọkọ mi, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n fọwọ́ nù ún. Ó di ìlà dúdú láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Tí èérún bá bà yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fẹ́ ẹ dànù pẹ̀lú ẹnu. Bluebell náà ní tọ́nẹ́ẹ̀lì, Sharpthorne lorúkọ ẹ̀, kí ẹnì kan lọ máa pa fèrèsé dé kó tó kàn wọ́n. Aṣọ pupa rúsúrúsú tàbí búlúù dúdú ló yẹ yín.

Orúnkún màmá ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀bùté (Croydon), ọjọ́ Ajé, 12:50 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an ni. Orúnkún ò dáa o. Ọ̀pá ni wọ́n ń lò nínú ilé, kẹ̀kẹ́ aláìlera tó bá jìnnà.

Ẹ̀gbọ́n Leicester, ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ bèèrè ìyẹn kí ẹ tó bèèrè owó. Ẹnu ọ̀nà Mark 1 tóóró, kẹ̀kẹ́ aláìlera kì í gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú irin ti tún kóòṣì kan ṣe, wọ́n fẹ ilẹ̀kùn, wọ́n ní pákó tí kẹ̀kẹ́ ń gùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà kóòṣì yẹn sínú ìwé àdéhùn, kì í ṣe «a ó gbìyànjú». Ẹ tún ní kí wọ́n sọ pèpéle tó ga tó ilẹ̀ ọkọ̀ jùlọ nínú àwọn ìdíkọ̀ wọn, ibẹ̀ ni kí màmá ti wọlé. Àlàfo wà láàárín pèpéle àti ọkọ̀ ní ibi tí ojú irin bá ti ṣẹ́ kọ́nà.

Gángan Peckham, ọjọ́ Ajé, 7:03 alẹ́

Ìnáwó lẹ ń sọ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu ba ìlù. Kóòṣì àtijọ́ kò ní ihò iná kankan. Bátìrì abẹ́ ọkọ̀ ló ń tan gílóòbù, 24 volts, táyà ọkọ̀ ló ń yí ohun tó ń cháájì ẹ̀. Mo bá DJ kan lọ rí, ó gbé spíkà méjì tó ga tó mi wọlé, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ibi tó máa kì í bọ̀ lábẹ́ ìjókòó. Gáàdì ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Gángan mi ló gbà wá. Ẹ mú onílù méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, spíkà oníbátìrì kékeré kan fún àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìkíni. Tí ọkọ̀ bá ń fàkà-fíkì lọ báyìí, onílù tó mọṣẹ́ á kàn bọ́ sínú ìró ẹ̀ ni, ẹ ò ní í mọ ìgbà tí ìlù bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kent, ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Kì í ṣe gbogbo ibi. Èyí tí a lò ní jẹnẹrétọ̀ nínú kóòṣì ìdáná wọn, wọ́n na wáyà kan fún wa. Ẹ bèèrè. Àti ijó: àyè ò sí nínú kóòṣì tó ní tábìlì. Àwọn kan ní kóòṣì ẹrù, gbọọrọ, kò sí ìjókòó nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí a jó, ibẹ̀ ni a ti náwó fún ọkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n Leicester, ọjọ́ Ajé, 7:41 alẹ́

Kóòṣì ẹrù: tí wọ́n bá ti tún un ṣe fún èrò ni o. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbà kí èèyàn wà nínú ẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń rìn, torí ilẹ̀kùn ńláńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ijó tó dájú ni ti orí pèpéle. Ẹ ní kí ọkọ̀ sinmi ogójì ìṣẹ́jú ní ìdíkọ̀ kan láàárín ìrìn, kí gbogbo yín sọ̀kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, fọ́tò ibẹ̀ kì í tán.

Tí ẹ bá lọ sí Bluebell, ìrìn ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣírò oúnjẹ yín sí i. Máìlì 25 ní wákàtí kan ni òpin ìyára àwọn ojú irin wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni ò lè bẹ̀ awakọ̀ kó tẹ̀ ẹ́.

Adéọlá Manchester, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀

Ẹ jẹ́ n da omi tútù sí i díẹ̀. Dísù ni wọ́n fi gbé àwa. Oṣù keje 2022 ni, ìgbà tí ooru mú tó fi lé ní 40. A sanwó ẹ́ńjìnnì eléèédú, a débẹ̀ láàárọ̀, a bá dísù aláwọ̀ ewé kan lórí kóòṣì wa. Bàbá ọkọ mi tó wá láti Ìjẹ̀bú Òde wò ó, wọ́n ní «ṣé jẹnẹrétọ̀ lẹ ní kí n wá wò?» Mo bínú, mo ní kí wọ́n dá owó wa padà. Wọ́n nawọ́ sí ìlà kan ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Olè ni wọ́n, tí ẹ bá bi mí.

Ẹ̀gbọ́n Leicester, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Adéọlá, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n olè kọ́. Iná ni wọ́n ń sá fún. Èérún tó ba léèsì jẹ́ yẹn, tó bá bọ́ sórí koríko gbígbẹ, oko àgbẹ̀ á jóná. Ọ̀sẹ̀ yẹn tí ẹ ń sọ, ọ̀pọ̀ ojú irin ló so eléèédú rọ̀.

Ibi tí mo bá yín bínú sí ni pé wọn ò tètè sọ fún yín. Nítorí náà, Ọmọ Ẹ̀bùté, oṣù kẹjọ tí ẹ mú yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ lè wà. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó san àsansílẹ̀: tó bá di dísù, ṣé owó á dín? Ṣé a lè sún ọjọ́? Títí ìgbà wo ni ẹ máa sọ fún wa? Kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ má sì fi ọkàn sí ẹ́ńjìnnì kan pàtó. Ìwé àṣẹ ìkòkò omi rẹ̀, ọdún mẹ́wàá ló ń lò, tó bá pé, wọ́n á tú u palẹ̀ pátápátá, ó sì lè pẹ́ kó tó padà. Èyí tí ẹ rí lórí wẹ́ẹ̀bù lè ti wà nílẹ̀ ní túútúú.

Ẹ má retí owó padà tí ẹ bá fagi lé e ní ọjọ́ méjì sí i. Ẹ́ńjìnnì tí yóò gbé yín láago mọ́kànlá, ẹnì kan ti wà lábẹ́ ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń kó eérú, ó ń dáná, ó ń fi epo pa á. Ìkòkò ńlá kì í gbóná kíá. Èédú náà ti wọ́n: ibi ìwakùsà Ffos-y-Fran ní Wales, tó ń fún ọ̀pọ̀ ojú irin àtijọ́ ní èédú tẹ́lẹ̀, ti ìparí 2023 ni wọ́n ti tì í, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á báyìí.

Adéọlá Manchester, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:44 ọ̀sán

Mo ti gbọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Sisí Woolwich, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn wa ṣá? Ẹ kọ aago mẹ́sàn-án sí káàdì, kí ọkọ̀ gbéra láago méjìlá. Tó bá sì kù díẹ̀ káàtó, ẹ bẹ gáàdì kó ní sùúrù.

Bàbá Lókó (Ìbàdàn), ọjọ́ Rú, 5:58 àárọ̀

Ọmọ mi Sisí, ẹnikẹ́ni kì í bẹ gáàdì. Ojú irin kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ní. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba irin ẹ̀rí kan lọ́wọ́ sígínàmáànù kó tó wọ ojú irin yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà níta lẹ́ẹ̀kan. Tí ọkọ̀ yín bá dúró de Àǹtí tó ń wé gèlè, ọkọ̀ mìíràn ti dúró ní ìdíkọ̀ kejì tó ń dúró de irin yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe ní Nàìjíríà. Mo ti rí kọmíṣọ́nà tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo, ó ń fi fìlà juwọ́.

Sisí Woolwich, ọjọ́ Rú, 7:30 àárọ̀

Háà! Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, obìnrin ni mí o. Nígbà náà ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìnáwó àkọ́kọ́ tí mo-gbọ́-mo-yà ò ní lè dé lẹ́yìn tí oúnjẹ bá jáde.

Ìyá Oníjọ̀lọ́fù Leeds, ọjọ́ Rú, 11:11 àárọ̀

Oúnjẹ ni iṣẹ́ mi. Ẹ bèèrè tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n gba olóúnjẹ láti ìta, torí àwọn kan ní tiwọn, búrẹ́dì àti salmon lẹ máa jẹ. Tí wọ́n bá gbà, wọn ò ní í gbà iná abẹ́ abọ́ wọ inú kóòṣì, igi pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ kó o sínú àpótí tó ń pa ooru mọ́, ẹ pín in sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nílé. Jọ̀lọ́fù, mọ́ínmọ́ín, ẹran díndín, dòdò. Kì í ṣe ọjọ́ ọbẹ̀ ọ̀gbọnọ́ o. Ọkọ̀ yẹn ń mì ju bí ẹ ṣe rò lọ, mo ti rí ẹ̀gúsí lórí fìlà.

Omi ife, ìdajì ìdajì.

Ọmọ Ẹ̀bùté (Croydon), ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, 8:47 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo dúpẹ́ gan-an ni. Lánàá mo mú màmá lọ wo ojú irin kan, mi ò tíì sọ ibi tó jẹ́ torí a ò tíì fọwọ́ síwèé. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lásán fún àwa méjèèjì kí n lè wo àtẹ̀gùn. Kóòṣì tí wọ́n fẹ ilẹ̀kùn ẹ̀ wà níbẹ̀, mo ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní tó bá di dísù, àwọn á dín owó tàbí kí a sún un sí oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì máa kọ ọ́. Olóúnjẹ láti ìta, bẹ́ẹ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀, rárá, Gángan Peckham ẹ bọ́ sí ínbọ́ọ̀ksì mi. Kóòṣì méjì la mú, a ti yí aṣọ sí búlúù dúdú.

Bàbá Lókó, mo bi màmá nípa àwọn River. Wọ́n ò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A dúró lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, wọ́n na ọ̀pá ọwọ́ wọn sí ibi kan lẹ́yìn táyà, wọ́n ní «ibí yìí ni wọ́n máa ń fi òróró sí, òróró yẹn ló máa ń rùn lára ṣòkòtò bàbá mi.» Fáyàmáànù gbọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó ti tó ọgọ́rin ọdún fúnra rẹ̀. Ó fún wọn ní agolo òróró kékeré, ó ní kí wọ́n dà á síbẹ̀. Wọ́n dà á. Wọn ò jẹ́ kí n nu ọwọ́ wọn títí a fi délé.

Bàbá Lókó (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, 6:02 àárọ̀

Òróró dúdú yẹn kì í tètè lọ. Kẹrosíìnì díẹ̀ ni kí wọ́n fi fọ ọ́, tí wọ́n bá fẹ́ kó lọ.